Fọ́tò Ojú Ìwé Kì Í Ṣe Ìwé

Láàárín àwọn tí ń ṣe ìwé Yorùbá jáde, èrò kan ti fìdí múlẹ̀ nípa ìwé orí ẹ̀rọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní íbùúkù. Wọ́n gbà pé ọ̀nà tí kò léwu jù ni kí a ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò bí ó ṣe wà nínú ìwé títẹ̀, láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn, kí a to àwọn fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn nínú fáìlì kan, kí a sì gbé e síta fún títà. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Èkíní, àmì ohùn kò ní fọ́nká. Èkejì, ojú ìwé yóò rí gẹ́lẹ́ bí òǹtẹ̀wé ṣe tò ó. Ẹ̀kẹta, olè kò ní lè da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ náà yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Kò sí èyí tí ó dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nínú ìwé orí ẹ̀rọ, iṣẹ́ àwòrán ni láti gbé ohun tí ọ̀rọ̀ kò lè gbé. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìwé díẹ̀ tí ojú ìwé wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ àwòrán, èèpo iwájú nìkan ni ó tọ́ kí lẹ́tà ti di àwòrán, òun náà sì ní òfin tirẹ̀, tí kì í ṣe òfin èèpo ìwé títẹ̀. Àkàrà inú fọ́tò kì í yó ọmọ.

Ohun tí ó wà nínú àpò EPUB

EPUB ni irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Àjọ IDPF ni ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 2007. Ẹ̀yà kẹta rẹ̀, EPUB 3, jáde ní 2011. Nígbà tí àjọ náà dara pọ̀ mọ́ W3C ní 2017, ìtọ́jú ìlànà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ìlànà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, wọ́n sì fọwọ́ sí EPUB 3.3 ní 2023.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí EPUB jẹ́ lè dán nǹkan kan wò. Kí ó pa .epub tí ó wà ní ìparí orúkọ fáìlì rẹ́, kí ó fi .zip rọ́pò rẹ̀, kí ó sì ṣí i. Àpò ni yóò bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé wà lọ́tọ̀ nínú àwọn fáìlì XHTML. Bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí lójú wà lọ́tọ̀ nínú fáìlì CSS. Àwòrán wà lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì wà lọ́tọ̀. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .opf sì ń to gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ka ẹrù èrò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Wọn kò ṣèèṣì yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ dá dúró ni ẹni tí ojú ń dùn fi lè sọ lẹ́tà di ńlá, tí ìlà yóò sì tún ara rẹ̀ ṣẹ́ kí ó lè bá ìbú fóònù mu. Bí a bá wá kó igba fọ́tò ojú ìwé sínú àpò yìí, yóò ṣì máa jẹ́ EPUB lórúkọ, ṣùgbọ́n ohun tí a torí rẹ̀ dá EPUB sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Òǹkàwé yóò fi ìka méjì fẹ ojú ìwé kí ó tó lè rí i kà, yóò wọ́ ọ lọ sápá kan kí ó lè ka ìdajì ìlà tí ó kù, yóò tún wọ́ ọ padà kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é títí ìwé náà yóò fi sú u.

Ọ̀ràn àmì ohùn

Ìdí àkọ́kọ́ ni ó lágbára jù nínú ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ìṣòro tí ó bí i kì í ṣe irọ́. Gbogbo ẹni tí ó ti ka Yorùbá lórí ẹ̀rọ ti rí ibi tí àmì ti yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tí ó ni ín, tàbí ibi tí àpótí òfìfo ti gba ipò ọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó wo àìsàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fà á.

Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, à ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E0. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè tí ó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni a fi ń kọ ọ́: ẹ ni yóò ṣáájú, U+0301 tí í ṣe àmì òkè nìkan yóò sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ fọ́ǹtì ni ó kù sí láti gbé àmì náà jókòó sórí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí ó mọ iṣẹ́ yóò gbé e sí àárín gbùngbùn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ gbé e rárá.

Ẹ̀bi fọ́ǹtì ni, nítorí náà fọ́ǹtì ni kí a tún ṣe. EPUB gbà kí a di fọ́ǹtì mọ́ ìwé nínú àpò kan náà. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ bí a ṣe ń gbé àmì Yorùbá sípò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ìwé àṣẹ wọn sì gbà kí a fi wọ́n sínú ìwé tí a ń tà. Ìlà díẹ̀ nínú fáìlì CSS ni ó kù láti fi pè wọ́n. Kí a tún fi àyè tí ó tó sáàárín ìlà sí ìlà, nítorí pé lẹ́tà Yorùbá máa ń ru ẹrù lórí, ó sì máa ń so ó mọ́sẹ̀. Bí ìlà bá fún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan yóò kọlu àmì òkè ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Ẹnì kan lè tẹ ẹ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kan, kí ẹlòmíràn tẹ e kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Nítorí náà, kí a sọ gbogbo ìwé di irú kan náà kí a tó dì í. Ìwé tí a fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, irú èyí tí ó gba ipò àmì mìíràn láti fi kọ ọ̀ àti ẹ̀, ní láti kọ́kọ́ di Unicode. Iṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí àní-àní pé ó gba sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé di fọ́tò nítorí fọ́ǹtì tí kò dára ti gbàgbé pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, lẹ́tà òjé ni a fi ń tẹ̀wé, lọ́kọ̀ọ̀kan sì ni a ń tò ó. Wàhálà àmì kò kéré nígbà náà, síbẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n ń tò.

Ẹwà, olè àti owó

Èkejì nínú àwọn ìdí náà ni ẹwà. Òǹtẹ̀wé to ojú ìwé fún bébà tí ìbú rẹ̀ kì í yí padà. Ojú fóònù ṣe tóóró, ti tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ̀, ẹni kan náà sì lè máa ka ìwé kan náà lórí méjèèjì. Agbádá tí a wọ̀n mọ́ bàbá lára rẹwà lára bàbá. Bí a bá gbé e wọ ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í ṣe ẹwà ni àwọn èrò yóò máa wò. Ẹwà ìwé orí ẹ̀rọ wà nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹwà kọ́ sì ni olórí ohun tí ìwé wà fún. Ẹni tí ó ra àkójọ òwe lórí ẹ̀rọ fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ kan kí ó sì rí gbogbo òwe tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn. Nínú fọ́tò, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè wá. Ti afọ́jú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sókè kò rí nǹkan kan kà nínú fọ́tò, èyí tí ń sọ lẹ́tà di Braille kò rí nǹkan kan sọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Marrakesh ti 2013, tí ó fàyè gba ṣíṣe ẹ̀dà ìwé ní ọ̀nà tí afọ́jú lè gbà kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo àyè yẹn fún ìwé tí ó jẹ́ kìkì fọ́tò yóò ní láti kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ kalẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2025 ti béèrè pé kí ìwé orí ẹ̀rọ tí a ń tà níbẹ̀ ṣeé lò fún aláàbọ̀ ara. Ìwé Yorùbá tí a bá fẹ́ tà fún àwọn ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀ kò yọ sílẹ̀.

Ní ti olè, fọ́tò kò dí i lọ́wọ́. Olè ìwé kì í jókòó da ọ̀rọ̀ kọ. Fáìlì lódindi ni ó ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fáìlì fọ́tò sì ń lọ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tí ó fi owó ra ìwé, tí ó sì fẹ́ wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nìkan ni ìdènà náà mú.

Ìdí kẹrin ni owó, ìṣirò sì ni yóò yanjú rẹ̀. Ojú ìwé kan tí ó ní ọ̀rọ̀ 250 kì í sábà ju kilobyte 3 lọ bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, bí ẹ́ kan tilẹ̀ ń gba byte 5. Fọ́tò ojú ìwé náà, tí ó hàn kedere tó láti kà, lè tó kilobyte 100. Ìwé olójú ewé 200 yóò jẹ́ kilobyte 600 lọ́nà kìíní, yóò sì jẹ́ megabyte 20 lọ́nà kejì. Lórí KDP, ibi tí òǹkọ̀wé ti ń gbé ìwé sórí Amazon fún títà, ẹni tí ó bá yan ètò tí ó fún un ní ìdá 70 nínú 100 ń san sẹ́ǹtì 15 owó Amẹ́ríkà lórí megabyte kọ̀ọ̀kan fún ìfiránṣẹ́ lọ́jà Amẹ́ríkà. Bí iye ìwé bá jẹ́ $4.99, tí fáìlì sì jẹ́ megabyte 20, $3 yóò kọ́kọ́ lọ, òǹkọ̀wé yóò sì gba $1.39. Bí ìwé náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú èèpo àti àwòrán díẹ̀, tí kò ju megabyte 1 lọ, yóò gba $3.39. Ẹni tí ó bá sá lọ sí ètò ìdá 35, níbi tí kò sí owó ìfiránṣẹ́, yóò gba $1.75. Lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni òǹkọ̀wé yóò máa san owó tí ó rò pé òun fi fọ́tò pamọ́, ẹni tí ó rà á yóò sì máa fi dátà rẹ̀ san tirẹ̀.

Èèpo iwájú

Àwọn tí ó gbà pé kí a ya ojú ìwé ní fọ́tò tún gbà pé èèpo ìwé títẹ̀ ni èèpo ìwé orí ẹ̀rọ. Èèpo ìwé títẹ̀ ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀gbẹ́ tí a ń rí nígbà tí ìwé bá wà lórí pẹpẹ. Ìwé orí ẹ̀rọ kò ní ju iwájú lọ. KDP ń fẹ́ kí ó ga ní píkísẹ́lì 2,560 kí ó sì fẹ̀ ní 1,600. Èyí tí ó kéré jù tí ó lè gbà ni 1,000 sí 625. Píkísẹ́lì ni iye tí ó ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà 300 tí àwọn òǹtẹ̀wé máa ń béèrè lórí ínṣì kọ̀ọ̀kan kò yí ohun kan padà lójú ẹ̀rọ: àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 600 jẹ́ 600, yálà a kọ 300 sí i lára tàbí a kọ 72. Àwọ̀ náà yàtọ̀. Ilé ìtẹ̀wé ń po tádà mẹ́rin pọ̀, èyí tí a ń pè ní CMYK. Ojú ẹ̀rọ ń po ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, RGB. Bí a bá gbé fáìlì CMYK sínú ìwé orí ẹ̀rọ láìyí i padà, àwọ̀ lè ṣì, àwòrán sì lè má jáde rárá.

Ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba òǹṣèwé Yorùbá jù ni bí èèpo yóò ṣe kéré tó. Lórí àtẹ ìtàwé, oníbàárà kì í kọ́kọ́ rí èèpo ní gíga 2,560. Ó lè jẹ́ 160 péré ni yóò rí, bí èékánná. Ìyẹn ni pé ohun gbogbo ti dín sí ìdá kan nínú 16. Bí àmì ìsàlẹ̀ Ọ bá fẹ̀ ní píkísẹ́lì 24 lórí èèpo gidi, yóò ku píkísẹ́lì kan ààbọ̀, bí JPEG bá sì ti fún un mọ́ra, ó ti di eruku. Ìwé tí ó bá ń jẹ́ Ọkọ Ọlọ́kọ yóò wá di Oko Oloko lójú oníbàárà: ìyàwó ti di àgbẹ̀. Bí ọkàn oníbàárà náà bá sì yà bàrá, ọ̀rọ̀ mìíràn tí a kì í sọ níwájú àgbà ni yóò kà. Nítorí náà, kí àkọlé tóbi ju bí ó ti wà lórí bébà lọ, kí a mú kí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ nípọn ju bí fọ́ǹtì ṣe gbé wọn wá lọ, kí àyè sì wà láàárín ìlà bí àkọlé bá gùn tó ti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Kindle kò sì ní ju ìpele àwọ̀ eérú 16 lọ. Àkọlé pupa lórí àwọ̀ ewé lè di eérú lórí eérú níbẹ̀. Kí a sọ èèpo di dúdú àti funfun lórí kọ̀ǹpútà wò kí a tó gbà á.

Bí èèpo bá tilẹ̀ jẹ́ àwòrán, àkọlé kò gbọdọ̀ wà lórí àwòrán nìkan. Nínú fáìlì .opf, kí a kọ àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, kí a kọ èdè ìwé ní yo, kí a sì fi cover-image sàmì sí fáìlì èèpo kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Ìwé Yorùbá tí a bá kọ en sí gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ yóò fi kà á sókè. Ní ti ìwọ̀n, kí a ní kí ìbú èèpo má ju ìbú ojú ẹ̀rọ lọ, kí gíga sì máa tẹ̀ lé e. Bí a bá fi ipá mú ìbú àti gíga pọ̀ láti kún ojú ẹ̀rọ, ojú ẹni tí ó wà lórí èèpo yóò fẹ̀ bí ojú ẹni tí oyin ta.

Àwòrán inú ìwé

Àwòrán tí ó yẹ kí ó jẹ́ àwòrán náà ní bí a ṣe ń ṣe é. JPEG dára fún fọ́tò ènìyàn àti ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ju nǹkan díẹ̀ nù nígbàkúùgbà tí a bá tún un pamọ́. Nítorí náà, kí a tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ síbi kan. PNG kì í ju nǹkan kan nù, ó sì yẹ fún àwòrán onílà. SVG ni ó dára jù fún àwòrán ilẹ̀ (máàpù), nítorí pé kì í ṣú bí a bá fẹ̀ ẹ́, orúkọ ìlú tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ lẹ́tà gidi. Lórí àwòrán ilẹ̀ tí a fi JPEG kékeré ṣe, Ṣakí a máa di Sakí, Ọ̀yọ́ a sì máa di Oyo.

Tábìlì kì í ṣe àwòrán. Ìwé gírámà tí ó ya tábìlì ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ní fọ́tò ti fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá gan-an pamọ́ fún un. Àlàyé abẹ́ àwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, kí a sì so ó mọ́ àwòrán kí òpin ojú ìwé má baà yà wọ́n. Gbólóhùn bí “wo àwòrán ojú ewé 14” kò ní ìtumọ̀ níbi tí ojú ewé ń yí padà bí lẹ́tà bá ti tóbi sí i. Nọ́ńbà àwòrán ni kí a tọ́ka sí, kí a sì fi ìlíǹkì sí i.

Fún afọ́jú, àwòrán kọ̀ọ̀kan nílò ọ̀rọ̀ tí yóò dípò rẹ̀. “Àwòrán 3” kò sọ nǹkan kan. “Obìnrin kan jókòó ti ìkòkò aró méjì, ó ń ti aṣọ àdìrẹ bọ èyí tí ó wà lápá òsì” ti sọ ohun tí ojú ìbá rí. Ọnà etí ìwé tí ó wà fún ẹwà nìkan kò nílò ọ̀rọ̀; kí a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí ẹ̀rọ lè fò ó.

Ibi tí fọ́tò ojú ìwé ti tọ́

Àwọn ìwé kan wà tí ojú ìwé wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ àwòrán: ìwé àwòrán ọmọdé, ìwé apanilẹ́rìn-ín alápòótí, àti ẹ̀dà ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tí onítàn fẹ́ rí bí tádà rẹ̀ ṣe rí. EPUB 3 ti ṣe ètò fún wọn, níbi tí ojú ìwé kò ti ní yí ìwọ̀n padà. Níbẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ ìtàn ọmọdé lè jókòó sórí àwòrán gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà gidi, ìwé àfọwọ́kọ sì lè ní ẹ̀dà tí a tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀. Èyí kò sọ ìtàn àròsọ, ìwé àdúrà tàbí ìwé ẹ̀kọ́ di irú wọn.

Ìdánwò mẹ́rin ni ó lè yanjú àríyànjiyàn yìí lórí ìwé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí kí ó tó dé ọjà. Kí a ṣí i lórí fóònù, kí a sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì, kí a wò ó bóyá ìlà yóò tún ara rẹ̀ ṣẹ́. Kí a wá ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ẹ́ tàbí ọ̀ nínú, kí a mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yóò rí i níbi gbogbo tí ó wà. Kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè ka ojú ìwé tí àwòrán wà, kí a sì di ojú gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí a dín èèpo kù sí ìwọ̀n èékánná, kí a fi han ẹni tí kò mọ ìwé náà rí, kí a ní kí ó ka àkọlé rẹ̀ sókè. Ìwé tí ó bá jẹ́ kìkì fọ́tò yóò fìdí rẹmi nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni yóò sọ bóyá a ṣe èèpo rẹ̀ fún ojú ẹ̀rọ tàbí a kàn gbé ti bébà wá síbẹ̀.